Ta Ni Ìyá Kọ́módò Ń Kí Lókè?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Zakariyya Abọ́dẹrìn padà wálé pátápátá sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Limota, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi àkàrà mu ògì. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti wọṣẹ́ ológun òfúrufú ní kékeré, kò tíì jókòó ti ìyá rẹ̀ rí kó má máa wo aago. Ní báyìí, ó ti fẹ̀yìn tì. Éà Kọ́módò ni oyè tó dé kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oyè ńlá sì ni. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní Àbújá pé kó jẹ́ kí òun ṣáájú lọ sílé, kí ojú ìyá òun lè rí òun dáadáa.

Wọn ò tíì mu ògì náà dé ìdajì nígbà tí ìró bàálù kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ìṣùà, ó forí lé apá Ọ̀wọ̀. Màmá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ọmọ rẹ̀ rò pé ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ lọ. Ìyá bọ́ sí gbangba ojúlé, ó fọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn, ó gbójú sókè, ó sì figbe ta:

“Zakariyya ọmọ Limota! Rọra o! Ọlọ́run á gbé ẹ sọ̀ láyọ̀ o!”

Ó dúró síbẹ̀ títí bàálù fi wọ inú ìkùukùu. Ó padà wá jókòó, ó gbé ife ògì rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí àkàrà há lọ́fun.

“Bàbá Habeebat, ṣé àkàrà náà kò dùn ni? Jẹun, jàre.”

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti lọ́jú pọ̀. Habeebat ni àkọ́bí Zakariyya. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ ni Màmá kò ti pe ọmọ rẹ̀ ní Zakariyya mọ́. Bàbá Habeebat ló ń pè é, bí ìyá tó mọyì ọmọ tó ti dàgbà ti máa ń ṣe. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jọ lójú Kọ́módò pé òun ti di ènìyàn méjì lọ́kàn ìyá òun. Bàbá Habeebat kan wà nílẹ̀ tó ń jẹ àkàrà, Zakariyya kan sì wà lókè tí kò tíì sọ̀. Bí Zakariyya bá wà lókè, ta wá ni òun? Ó dùn ún, kí a má tan ara wa. Kò wálé wá joyè, kò wá du ipò kankan. Ohun kan ṣoṣo ló bá wá: kí ìyá rẹ̀ mọ̀, kó tó kú, pé ọmọ òun ti dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàálù mìíràn kọjá. Màmá tún dìde. Bàálù Àbújá sí Èkó kì í kúkú ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n lórí Ọ̀kà.

“Màámi, ta lẹ ń kí?” Kọ́módò béèrè nígbà tí ìyá padà wọlé.

“Zakariyya ni,” Màmá dá a lóhùn, ó sì ń wá ibi tó fi sálúbàtà rẹ̀ sí.

Ó fẹ́ sọ pé “Èmi rèé,” ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ọkùnrin tí àwọn sọ́jà ń dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ ni o!

Tí a bá fẹ́ sòótọ́, ara ìlú ló kọ́kọ́ gbé Zakariyya gun bàálù. Badmus, bàbá rẹ̀, awakọ̀ lọ́rì ni nígbà ayé rẹ̀. Ó máa ń kó iṣu àti kòkó láti Ọ̀kà lọ sí Ìbàdàn. Abẹ́ lọ́rì yẹn ni Zakariyya dàgbà sí. Bí wọ́n bá wá a títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó parí ilé ìwé girama ní Ìkàrẹ́, ó ṣe ìdánwò àwọn ológun, ó yege, wọ́n ní kó máa bọ̀ ní Kàdúná. Ìròyìn dé Ọ̀kà pé ọmọ Badmus ti wọ ológun òfúrufú. Ta ló wá fẹ́ béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀? Òfúrufú ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnjiníà ni. Òun ló ń tú ìnjìnnì bàálù palẹ̀, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó ń tò ó padà. Ó ṣe é ní Kàdúná, ó ṣe é ní Màkúrdì. Wọ́n rán an lọ sókè òkun kó lọ kọ́ ọ sí i, ó dé, oyè ń gorí oyè, títí ó fi di ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń tún bàálù ṣe ní bárékè wọn, tó tún wá di ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò wa bàálù rí. Bó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí bí ẹrù. Bó bá wálé Iléyá, Ògúnwọlé alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí ilé wọn dojú kọra, á pariwo pé, “Zaka! A rí ọ níjọ́un o! O fò kọjá lórí ulé wa, o ò tilẹ̀ juwọ́!” Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń sọ pé kì í ṣe òun. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n sì tún yìn ín sí i. Nígbà tó yá, ó sú u, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kì í jẹ́ kó wù ú láti sọ̀rọ̀ bàálù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jesse, ará apá Jọs, òun ló ń wa bàálù ní tiẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kó tó gbéra, ó máa ń wo Zakariyya láti òkè ibi tó jókòó sí, á ní, “Ọ̀gá, ẹ wọlé ká jọ lọ.” Zakariyya á fọwọ́ gbá ara bàálù náà pẹ́pẹ́, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń gbá ara lọ́rì, á ní, “Máa lọ, ó dáa.” Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, Jesse lọ, kò padà. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ojú ọjọ́ ló bàjẹ́, pé kò sóhun tó ṣe ìnjìnnì. Gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Zakariyya náà gbà á, ṣùgbọ́n bó bá gbà á lónìí, á tún kọ̀ ọ́ lọ́la. Ó lọ síbi ìsìnkú. Ìyá Jesse wà níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó wé gèlè dúdú. Mama Jesse ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Zakariyya náà kúnlẹ̀ tì í, ó ní, “Mama Jesse, ẹ pẹ̀lẹ́.” Bó ti sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Mama Jesse wo? Jesse dà? Ó fẹ́ fi orúkọ mìíràn pe obìnrin náà, kò mọ̀ ọ́n, ojú sì tì í láti béèrè. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá ń kọjá lókè, ilẹ̀ ni Zakariyya máa ń wò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Màmá kò yé e mọ́, ó pe Latifah sí ìdí kànga. Latifah ni àbúrò rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn; ó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà Ìkàrẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

“Bùọ̀dá mi, ẹ ẹ̀ mọ̀ ni? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kí bàálù.”

“Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ṣé mi ò ti délé ni?”

“Ẹ ti délé. Ṣé ẹ ti sọ fún bàálù?” Latifah bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe ṣàdédé tán lẹ́nu rẹ̀, tó fi etí ìró nu ojú. “Ẹ̀rù ń bà mí, Bùọ̀dá mi. Bí wọ́n bá lè gbàgbé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, bóyá èmi ló kàn.”

Ni wọ́n bá gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní orúnkún ni àwọn fẹ́ kí wọ́n bá a wò. Dókítà tó jókòó níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni, Gbọ́ládé lorúkọ rẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà.

“Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí?”

“Alàmísì ni. Àbí wọn ò kọ́ yín nílé ìwé?”

“Kí lẹ jẹ láàárọ̀?”

“Iṣu. Latifah ò jẹ́ kó jinná.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mélòó lẹ bí, Màmá?”

Màmá wo Dókítà láti òkè délẹ̀. “Ọmọ mi, ta ló tọ́ ọ? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Dókítà Gbọ́ládé kọ nǹkan sílẹ̀. Kọ́módò nàgà wo ìwé rẹ̀. Kí ni ó kọ yẹn? Ṣé ó kọ ọ́ pé obìnrin yìí kò rántí iye ọmọ tó bí ni, àbí pé ó mọ èèwọ̀?

“Ta lẹ bá wá, Màmá?”

“Latifah nìyẹn. Bàbá Habeebat nìyí.”

“Kí lorúkọ Bàbá Habeebat gan-an?”

Kọ́módò tẹ̀ síwájú lórí àga bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí kí wọ́n ka orúkọ òun mọ́ àwọn tó yege. Màmá yínmú.

“Ọmọ ẹni á dàgbà tán, á tún bímọ tó bímọ, ká tún máa pe orúkọ ẹ̀ ní gbangba bí ọmọ ilé kéú? Ẹ wo orúnkún mi, ẹ jọ̀ọ́.”

Nígbà tí Latifah mú ìyá jáde, Dókítà fa Kọ́módò sẹ́yìn, Kọ́módò sì ro ọ̀rọ̀ bàálù fún un. Dókítà ní lójú òun, ọpọlọ Màmá jí pépé. Ó tún ní àmọ́ ṣá, tó bá jẹ́ pé ẹni tó wà nílẹ̀ ni ìyá ń kí lókè, kí àwọn ọmọ máa ṣọ́ wọn. Kọ́módò dúpẹ́, ó jáde. Ohun tó gbé lọ kò ju ohun tó gbé wá. Jíjí pépé wo ló tún ń fẹ́ ṣíṣọ́?

Àkùngbá ni wọ́n gbà padà, àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ré kọjá níwájú ọkọ̀ láìbìkítà. Ọ̀kan kọjá níwájú wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn. Kọ́módò tẹ búrẹ́kì, Latifah ṣépè. Màmá yọ orí lójú fèrèsé:

“Zakariyya ọmọ Limota! Rọra o!”

Latifah wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wò ó. Zakariyya ti pé mẹ́ta báyìí: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lórí ọ̀kadà, ọ̀kan nídìí ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlààsárì, Kọ́módò gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pinnu. Ó rò ó pé bí òun bá bọ́ ìyẹ́ tí ìlú fi sí òun lára, bóyá ìyá òun á rí òun nílẹ̀.

“Màámi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ má bínú. N kò wa bàálù rí o.”

“Mo mọ̀,” ni Màmá wí. Ẹ̀gúsí ló ń bó.

“Ẹ mọ̀? Ta ló sọ fún yín?”

“Ọwọ́ rẹ ni. Lọ́dún tó o kọ́kọ́ wálé Iléyá, mo di ọwọ́ rẹ mú. Epo dúdú ló kún abẹ́ èékánná rẹ. Bàbá rẹ wa lọ́rì títí ó fi kú, ọwọ́ ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀.”

“Láti ìgbà yẹn?”

“Láti ìgbà yẹn. Mo kúkú ń gbọ́ tí wọ́n ń purọ́ fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀.”

Orí Kọ́módò túbọ̀ dàrú. Ó sún mọ́ ọn. “Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé kì í ṣe èmi, ta wá lẹ ń kí lókè?”

“Ẹni tó wà ńbẹ̀.”

“Zakariyya lẹ ń pè é, Màámi!”

“Kí ni kí n pè é? Mo mọ orúkọ ẹ̀ ni?” Màmá gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Àlùfáà tó kọ́ wa ní kéú, nígbà tí mo wà lọ́mọge, ó ní bí a bá ń ṣàdúrà fún ènìyàn, ká pe orúkọ ẹ̀, ká pe orúkọ ìyá tó bí i, kí àdúrà náà má baà ṣìnà. Ó dáa. Ẹni tó wà lókè yẹn, n ò mọ orúkọ ẹ̀. N ò mọ ìyá ẹ̀. Ìyá náà lè wà níbi tí kò ti lè rí i. Ṣé kí n wá máa wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń kọjá lọ, kí n dákẹ́? Mo yá a ní orúkọ rẹ, mo fi tèmi kún un. Ọlọ́run mọ ẹni tó wà ńbẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé ọ kiri yẹn, mo ní ìyá kan á wà níbẹ̀ tó máa yá ọ ní orúkọ ọmọ tiẹ̀.”

Kọ́módò ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò yé e tán; tàbí ká sọ pé ó yé e ju bó ti fẹ́ lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Tí ẹni náà kò bá wá sọ̀ láyọ̀ ńkọ́?”

Màmá wò ó títí. “Ìyẹn kọjá ọwọ́ mi. Tèmi ni pé kí n kí i.”

Ó wu Kọ́módò kó sọ ọ̀rọ̀ Jesse, àmọ́ ó gbé e mì. Ó wá béèrè ohun tó tìtorí ẹ̀ wá gan-an, ó béèrè rẹ̀ bí ọmọdé.

“Èmi ńkọ́, Màámi? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti dé?”

“Bàbá Habeebat,” Màmá dá a lóhùn, ó tún ti fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra, “ta ló wá jẹ gbogbo àkàrà mi láàárọ̀?”

Latifah, tó fetí sí wọn láti ilé ìdáná, rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́módò náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì gbé e sùn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí.

Òjò dé, orúnkún Màmá wú. Ó di pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá díẹ̀, Kọ́módò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń ké. Ìró bàálù bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ìṣùà. Ó tẹ orí ba bí ìṣe rẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀pá Màmá ta gbá lórí símẹ́ńtì nínú yàrá, ó gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Ìyá kò lè dìde.

“Bàbá Habeebat!” Màmá pè láti inú yàrá. “Ó ń kọjá lọ o!”

Ó dìde. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé gbangba. Ògúnwọlé wà níwájú ilé tirẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ọwọ́ tó kún fún epo bo iwájú orí, tó gbójú sókè. Ó fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó rí ojú rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́.

Bàálù náà funfun, ó kéré, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Zakariyya la ẹnu láti pe orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ mìíràn ló jáde.

“Jesse!” Ó tún un pè. “Jesse ọmọ…”

Ó dúró. Ọmọ ta ni? Mama Jesse ló wá sí i lẹ́nu, Jesse náà ni ìyẹn. Ó wá orúkọ obìnrin kúkúrú tó wé gèlè dúdú yẹn títí nínú ara rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ó mọ̀ pé kì í ṣe Jesse ló wà lókè, pé ó lè jẹ́ sẹ́nétọ̀ kan tó ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e padà sínú ilé. Bàálù ń lọ. Ìró rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀.

“Ọmọ ta ni?” Màmá béèrè láti inú yàrá.

“N ò mọ orúkọ ìyá ẹ̀, Màámi.”

“Lo tèmi,” ni Màmá wí. “Pè é kíá kó tó lọ, Zakariyya.”